Kọ́kọ́rọ́ Abẹ́ Ìkòkò

Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án, 2025

Mo rí ìwé yìí nísàlẹ̀ ẹrù ọjà tó ṣẹ́ kù láti ọdún ìjọsí. Ojú ewé mẹ́ta péré ni wọ́n ti lò nínú rẹ̀. Ìwé tó dáa báyìí kì í ṣe ohun à ń sọ nù. N ó máa kọ ohun tí ojú mi bá rí sí i.

Ohun tí etí mi rí lónìí: sípíkà Testimony. Testimony ni ọmọbìnrin tó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Garage, ní Òṣogbo. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnì, síìpù àti láínìn fún àwọn aránṣọ. Òun ń ta ariwo. Láti àárọ̀ ló ti ń da orin lé mi lórí — obìnrin lánàá, obìnrin lónìí. Mo bi í pé ṣé kò sí ọkùnrin tó ń kọrin mọ́ ní Nàìjíríà ni. Ó ní, "Ìyá Oníbọ́tìnì, mò ń gbọ́ ohùn ọkùnrin nílé. Mi ò lè tún máa gbọ́ ọ níbi iṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò jẹ́ kó rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí: mò ń ka bọ́tìnì funfun fún oníbàárà, mo gbàgbé ibi tí mo kà á dé.

Orin kan ló fà á. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ kò pariwo. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bí ẹni tó ti ń fẹ́ iná igi tútù láti àárọ̀. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíì nínú ilé.

*Mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò o —*

Àwọn kan á sì gbè é lẹ́yìn rẹ̀:

*Ìgbà tó o bá dé, wọlé.*

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́tò ńlá, kò sí ọ̀rọ̀ dọ́là. Kọ́kọ́rọ́ àti ìkòkò. Ohun tí èmi náà máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wà láyé, tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí kò tíì dé. Ta ló sọ fún ọmọ yìí?

Mo tún bọ́tìnì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pé.

Jímọ̀, 5

Testimony pe orúkọ ọmọ náà fún mi títí ó fi sú u. Kò ṣe é mú lẹ́nu. Mo sọ ọ́ ní Eléèéfín.

Ó ní kí n wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní dátà mi wà fún àwọn oníbàárà tó ń béèrè ọjà lórí Wọ́sáàpù, kì í ṣe fún fàájì. Ó ní kò gba dátà, òun lè sún un láti inú fóònù òun wá sínú tèmi. Ọ̀fẹ́. Mo na fóònù sí i kíá.

Obìnrin ni gbogbo àwọn tó sún fún mi. Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn ni mò ń sọ wọ́n lórúkọ. Ọmọ Onígítà: gítà kan ṣoṣo, kò sí ìlù, bí ẹni tó jókòó sórí àpótí ní kíṣìnì. Ológìnní: bí orin bá fẹ́ parí, ohùn rẹ̀ á yí po bí ológìnní ṣe ń yí ẹsẹ̀ ẹni po nígbà tó bá ń wá ẹja. Àgbà-Ọmọ: ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dà bí ti ìyá àgbà tó ti sin ọkọ. Àti Eléèéfín — tèmi.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, wáàsí àti ìròyìn ni mo ń gbọ́. Mo rò pé orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ìdí jíjù lásán ni. Àṣé àwọn kan wà tó ń jókòó kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 6

Nikáà Humairah, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Àpìkẹ́ wá láti Ìwàrà. Àbúrò mi, òun nìkan ló kù fún mi. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà ló lọ́kọ sí. Ọkọ rẹ̀, Awóníyì, ń dá oko kòkó. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Awóníyì. Kò dí i lọ́wọ́ ìrun, kò dí i lọ́wọ́ orin. Ohun tí mo fi gba tirẹ̀ nìyẹn.

Níbi nikáà, ẹnì kan ní í dá orin fún àwọn obìnrin àsàlátù, àwọn yòókù á gbè é. Láti kékeré, Àpìkẹ́ ní í dá, èmi ní í gbè. Ohùn tèmi dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá wa máa ń ní kí n dúró sẹ́yìn kí n máa pàtẹ́wọ́. Bí Àpìkẹ́ bá la ẹnu, ẹni tó ń jẹun á gbé ṣíbí dúró.

Lónìí, ó dá a, èémí já mọ́ ọn lẹ́nu láàárín. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn ará yòókù kò fura. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti tóbi ju bí mo ṣe rí i nígbà Iléyá lọ. Ó fi ìbòrí bò ó — ìbòrí kò lè bo èémí. Onífídíò ń yí wa ká, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Àìkú, 7

Ó sùn sọ́dọ̀ mi. Ní àárọ̀ a jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, íápíìsì kan, etí kan fún un, etí kan fún mi. Mo fi Eléèéfín sí i. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọjà sílẹ̀ fún oníbàárà tó mọ ọjà.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọmọ yìí ń jí èémí, Àǹtí mi."

Mo ní kí ni jíjí èémí. Ó ní wọ́n máa ń mí níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí ni, àmọ́ ọmọ yìí ń mí sáàárín ọ̀rọ̀, ó sì ń fi ọgbọ́n bò ó. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó ní í jí i. Mo ní ṣé kò dára ni. Ó ní, "Ẹ tún un fi sí i ná."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò nílò fóònù mọ́. Òun ló ń dá a: *Mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò o*. Mo ń gbè é. A kọ ọ́ títí ìrẹsì fi jó mọ́ ìdí ìkòkò. Mo ha á, a jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 10

Fóònù mi kọ̀, kò gba orin mọ́. Ó ní ààyè ti kún. Testimony yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àwọn fọ́ìsì Wọ́sáàpù ló gba gbogbo ibẹ̀. Ti Àpìkẹ́ ló pọ̀ jù. Láràárọ̀, kí ó tó kírun àsùbáà, ó máa ń dá orin kan ránṣẹ́ sí mi láti fi kí mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń ṣe é. Mi ò kì í gbọ́ wọn bó ṣe yẹ. Mo máa ń tẹ ibi tó ń mú ohùn sáré, kí n lè tètè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mò ń kó wọn jọ fún? Ọ̀la á tún mú òmíràn wá.

Mo pa gbogbo wọn rẹ́. Fóònù náà fúyẹ́. Testimony tún sún orin kún un títí fóònù fi ní ó tó.

Ológìnní ní ọ̀kan nípa sálúbàtà ìyá rẹ̀. Ó dùn ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ lọ.

Ìṣẹ́gun, 16

Iléṣà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa láti bá Àpìkẹ́ lọ rí dókítà. ₦1,500 ni àlọ, àbọ̀ tún bẹ́ẹ̀. Mo fi Ọmọ Onígítà pa ọ̀nà jẹ títí mo fi dé.

Dókítà náà ṣe ọmọlúàbí. Ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun, ó gbọ́dọ̀ jáde. Ó wá rọra sọ èyí tó kù: iṣan tín-ín-rín kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tó ń mú ohùn ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn á ṣọ́ra gidigidi. Ó ní nígbà mìíràn, pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra náà, ohùn kì í rí bó ṣe wà. Títí á fi di ìgbà yẹn, kó má kọrin, kó sinmi ohùn.

Awóníyì ń wo bàtà rẹ̀.

Àpìkẹ́ yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ohùn mi wà lọ́wọ́ Àǹtí mi. Tèmi bá fóònù àtijọ́ ṣubú sódò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì tíì dá òmíràn láti ìgbà náà, àmọ́ tiwọn wà níbẹ̀ gbogbo. Wọn kì í sọ nǹkan nù."

Ó sọ ọ́ fún dókítà bí ẹni tó ń fi mí yangàn.

Ọwọ́ mi wà lórí fóònù nínú báàgì. Mi ò lè gbé e kúrò.

Ọjọ́rú, 17

Testimony gbìyànjú. Kò sí. Mo gbé e lọ bá atún-fóònù-ṣe tó wà ní ẹnu garage. Ó bi mí bóyá mo jẹ́ kí Wọ́sáàpù máa pa nǹkan mọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti ra fóònù ni mo ti pa ìyẹn, nítorí ó ń jẹ dátà. Ó mi orí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ì bá gbà á.

Àbámẹ́ta, 20

Mo pe Àpìkẹ́. Mo ní ṣé ó lè dá orin kan fún mi, wẹ́ẹ́ báyìí, kí n gbà á sílẹ̀, kìkì ọ̀kan. Ó ní dókítà ní òun kò gbọdọ̀ kọrin. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ kó ohùn mi pamọ́ bí ẹrù ẹni tí kò ní padà bọ̀ ni? Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò tó yín ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní ó tó mi.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mi ò gbọ́ orin lónìí. Testimony rò pé orí ló ń fọ́ mi, ó yí sípíkà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣọ́ọ̀bù dá wáí.

Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Iléṣà, ọsibítù. Wọ́n gbé e wọlé lẹ́yìn ìdájí. Kí wọ́n tó tì í lọ, ó fún mi ní ìbòrí rẹ̀ dì mú. Ó gbóná láti ọrùn rẹ̀.

Èmi àti Awóníyì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe ní "ulé", bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé, bí ohùn náà kò bá sí mọ́. Láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, orin ló ń jí òun. Àwọn ọmọ Òṣogbo máa ń fi "ulé" rẹ̀ yẹn ṣẹ̀fẹ̀. Lónìí, mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo fún un ní etí íápíìsì kan. Ọmọ Onígítà. Ó tẹ orí sílẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ń kọrin bí ẹni tó ń ṣa kòkó. Ó ń mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan." Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọmọ yẹn, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi etí kejì náà sí i. A jọ jókòó báyẹn, òun ń gbọ́, èmi ń wo ìlẹ̀kùn.

Wọ́n gbé e jáde. Ó wà láàyè. Alihamdulilaahi.

Ìṣẹ́gun, 7

Ó la ẹnu láti kí mi. Afẹ́fẹ́ ló jáde.

Àìkú, 12

Wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó ti wà ní Ìwàrà. Mo lọ síbẹ̀. Ọgbẹ́ ọrùn rẹ̀ ń jinná dáadáa, ojú ibẹ̀ tín-ín-rín bí ìlà tí aránṣọ ń fi ṣọ́ọ̀kì fà. Bí ó bá fẹ́ pe ọkọ rẹ̀, ó máa ń pàtẹ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ lé adìyẹ kúrò nídìí kòkó, ó máa ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde lẹ́nu bí ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn. Àfi kéèyàn sún mọ́ ọn.

Èmi ni mo máa ń pàtẹ́wọ́ láàárín àwa méjèèjì.

Jímọ̀, 24

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n fi nǹkan kan wo ọ̀fun rẹ̀. Ó ní apá kan ohùn náà kò mira. Ó lè padà kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé àárín. Ó sì lè jẹ́ bó ṣe máa wà nìyẹn. Kò purọ́ fún wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Níta, lábẹ́ igi, Àpìkẹ́ fà mí mọ́ra, ó fi ẹnu sí mi létí. "Ẹ fi àwọn orin mi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Mo ní dátà mi ti tán.

Ó wò mí. Ó mọ̀ pé bí ohun kan bá wà tí kì í tán lọ́wọ́ mi, dátà ni.

Àìkú, 26

Mo ronú kan fídíò nikáà Humairah. Onífídíò yẹn yí wa ká lọ́jọ́ náà, ohùn Àpìkẹ́ á wà níbẹ̀. Èémí tó já yẹn pàápàá, mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Àlàájà Rùkáyà, olórí àsàlátù wa. Wọ́n ní wọ́n ti gbé fídíò náà fún àwọn, ó wà lórí fóònù. Kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ti di ọmọge, pé orin ayé ni mò ń fi íápíìsì gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní àwọn ọmọ náà mọ orin ni. Wọ́n ní, "Kò síun. Máa gbọ́ wọn lọ, kí màláíkà máa kọ ọ́ lọ."

Wọ́n ṣí i. Àwa náà rèé. Ìyàwó rèé. Ó dé ibi tí Àpìkẹ́ ti dìde — ìbòrí àwọ̀ osùn, ọwọ́ kan lókè. Ó la ẹnu.

Ológìnní ló jáde.

Onífídíò ti yọ ohùn gbogbo wa kúrò, ó ti fi orin ìgbàlódé bo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàájà ní bí àwọn ọmọ onífídíò ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn, wọ́n ní ó ń dùn ún wò. Àpìkẹ́ ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé, ọrùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin ń gbè é, ọwọ́ mi ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn — ohùn tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni ti ọmọ tí mo fẹ́ràn. Orin tó dára. Sálúbàtà ìyá rẹ̀ ni.

Mo bá onífídíò sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní bí òun bá ti gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ni ín, òun kì í pa èyí tí òun kò tíì tún ṣe mọ́. Kò sí ààyè. Ó ní kí n má bínú.

Ta ni n ó bínú sí? Ohun tí èmi náà ṣe ló ṣe.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kọkànlá

Ìwàrà. Mo lọ sọ ọ́.

Wọ́n ti sá kòkó sórí ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i kiri. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ń yí i pọ̀. Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń rìn, mi ò wojú rẹ̀. Mo sọ ọjọ́ tí mo pa àwọn orin rẹ̀ rẹ́, mo sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ pé mi ò gbọ́ wọn dáadáa pàápàá nígbà tí wọ́n wà. Pé mo máa ń mú wọn sáré. Èyí gan-an ló le jù lẹ́nu mi.

Kò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ láàárín kòkó, ṣàá, ṣàá. Nígbà tó yí dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó fi ẹnu sí mi létí.

"Kí lẹ fi dí ààyè náà?"

Mo gbé íápíìsì fún un. Eléèéfín. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó tún gbọ́ Ọmọ Onígítà, ó gbọ́ Àgbà-Ọmọ. Ojú rẹ̀ wà lókè, níbi tí àwọn igi kòkó ti pàdé. Ó yọ ọ́ kúrò létí, ó ká okùn rẹ̀ dáadáa, ó dá a padà fún mi.

"Wọ́n dára," ó ní. Ó wọlé.

Kò jáde mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí. Láti ọjọ́ tó ti lọ sílé ọkọ, kò sí ìgbà tí mo wá tí kò sìn mí dé títì. Awóníyì ló sìn mí lónìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìbínú. Òkú ló ń sin. Ẹ jẹ́ ó sin ín tán."

Mo sunkún nínú mọ́tò. Ẹni tó jókòó tì mí fún mi ní áńkáṣíìfù. Mo ti fọ̀ ọ́, mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí i dá a padà fún un.

Ajé, 3

Kí n tó kírun àsùbáà, mo tẹ fóònù, mo dá orin. Èmi. *Mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò o.* Mo dúró níbi ègbè, mo fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Ìwàrà.

Ohùn ìlẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ padà, ojú tì mí.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo tún dá a. Àmì méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di búlúù. Ó ti gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo dá a. Búlúù.

Testimony dé kùtùkùtù, ó bá mi tí mo tún ń dá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìyá Oníbọ́tìnì, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbé àwo jáde ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ kó owó wá. Ó wo ojú mi, ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò tan sípíkà títí oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ fi dé.

Àìkú, 9

Bí mo ṣe ń dá a lójoojúmọ́ yìí, mo ti ń gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Eléèéfín kì í já ọ̀rọ̀ *ìkòkò* sílẹ̀. Ó máa ń gbé e sílẹ̀ wẹ́ẹ́, bí ẹni pé ó lè fọ́. Àpìkẹ́ á ti gbọ́ èyí láti ọjọ́ kìíní. Irú nǹkan báwo ló ń wà nínú àwọn orin rẹ̀ tí mo ń mú sáré?

Mo dá a. Búlúù.

Ọjọ́rú, 12

Mo dá a. Kò tíì di búlúù títí di ìrọ̀lẹ́. Mo pe Awóníyì. Ó ní oko ni wọ́n wà.

Jímọ̀, 14

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbé ìdì òwú sórí pẹpẹ. Fóònù dún. Fọ́ìsì, láti Ìwàrà. Kò gùn rárá.

Mo jókòó. Mi ò tẹ ibi tó ń mú ohùn sáré. Mo jẹ́ kó máa bọ̀ bó ṣe fẹ́.

Àkùkọ ló kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ lórí kòkó, ṣàá, ṣàá, ó dúró. Èmi ni mo dá a ní àárọ̀, òun ló wá ń gbè é — ohùn kan tí mi ò mọ̀ rí, ó há, ó tín-ín-rín, ó ń wárìrì létí:

*Ìgbà tó o —*

Ó mí. Láàárín ọ̀rọ̀. Àpìkẹ́ jí èémí.

*— bá dé —*

Ó tán níbẹ̀. Kò dé ìparí. Mo gbé fóònù mọ́ etí, bóyá ó kù. Kò kù.

Èmi ni mo kọ èyí tó kù, lóhùn rara, láàárín òwú àti bọ́tìnì:

*Wọlé.*

Testimony yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní ta ló ń kọrin. Mo ní èmi àti àbúrò mi ni.